Àgádágodo Abundio Lucero

Àgádágodo náà wà nínú lọ́kà Abundio Lucero. Ó rọ̀ mọ́ ìkọ́ bí àdán tó ń sùn lọ́sàn-án, ó sì wà ní títì.

Ofelia Quihuis tẹjú mọ́ ọn títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ìka kan tì í, ó mì lọ, ó mì bọ̀, ó dúró. Nígbà náà ni obìnrin yìí mí kanlẹ̀, èémí tó jẹ́ pé tó bá jẹ́ inú oko ló ti mí i, gbogbo àgbàdo ibẹ̀ ì bá ti dojú bolẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án," ni Ṣẹ́ríìfù Royce Tidwell dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Èso òdòdó-oòrùn ló ń pa jẹ, ó ń tu èèpo rẹ̀ sínú ife bébà. "Bá a ṣe bá a lánàá náà nìyẹn. Màdáámù, ọ̀rọ̀ yìí ti yé gbogbo ayé tán. Ẹ̀yin nìkan ló kù."

"Tún un sọ fún mi. Mo ti darúgbó, etí mi wúwo."

Irọ́ ni o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ofelia fi ṣiṣẹ́ nínú ihò ilẹ̀ kó tó dúró fún ìbò Olùbẹ̀wò Ìwakùsà, etí rẹ̀ sì mú débi pé ó lè gbọ́ ìgbà tí àpáta bá ń ronú àtijábọ́. Ó kàn fẹ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa dún lẹ́nu ọkùnrin tí kò wọ ihò rí ni.

Ṣẹ́ríìfù tu èèpo. "Òkúta há sí ọ̀fun ẹ̀rọ afọ́kùúta lánàá. Wọ́n pa ẹ̀rọ, Abundio sì wọ inú ọ̀fun náà lọ láti fi irin gbọ̀n ọ́n jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi àgádágodo ara rẹ̀ ti àpótí iná pa, kí wọ́n má baà tanná lé e lórí. Abundio ò tì í. Àgádágodo rẹ̀ rèé, ó fi í sílẹ̀ sínú lọ́kà. Chebo Armenta tó ń darí ẹ̀rọ padà látibi oúnjẹ ọ̀sán, ó tanná, bẹ́líìtì sì gbá Abundio. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló kán, orí fọ́. Ó wà ní ọsibítù ní Tucson, kò tíì lajú."

"Tó bá jẹ́ Abundio ló gbàgbé, kí ni Chebo wá ń ṣe lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ?"

"Nítorí ewúrẹ́."

Ofelia di ojú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, Màdáámù. Chebo ni bàbá ìsàmì Marisela, ọmọ Abundio. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìsàmì, wọ́n ní kí Chebo yan ewúrẹ́ fún àlejò. Ó yan ewúrẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n rà kọ́ ló mú, Valentina ló mú! Ewúrẹ́ tí Abundio fi ìgò tọ́ dàgbà! Tó máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìyàwó! Abundio jẹ ẹ́ tán, ó tún bu síi, ó ní ta ló se ẹran tó dùn tó báyìí, ìgbà yẹn ló tó rí okùn ọrùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ò jẹun pọ̀ mọ́, wọn ò kíra wọn. Ìjà wà nílẹ̀, Màdáámù. Chebo rí i nínú ọ̀fun ẹ̀rọ, ó sì tanná. Tó bá dìrọ̀lẹ́, mò ń gbé e lọ bá adájọ́."

"Royce, Chebo ló jẹ gbèsè ewúrẹ́. Ẹni tó jẹ ewúrẹ́ ẹni kì í tún bínú pa olówó ewúrẹ́."

"Ìwà ọmọ aráyé le, Màdáámù."

"Ìwà tìrẹ ló le," ni Ofelia wí, ó sì bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá síta.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Mẹ́ta ni ìtumọ̀ Tres Burros, orúkọ ìlú náà, àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń sọ pé ooru ló pa méjì nínú wọn, ẹ̀kẹta di ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru ọmọ ènìyàn. Adìẹ ibẹ̀, ẹyin bíbọ̀ ló ń yé. Alángbá ibẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á gbé méjì sókè, á fi méjì tó kù bẹ ilẹ̀. Òjìji ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wa bàbà yìí, Harlan Tsosie, igbákejì Ofelia, ló sì wà nínú rẹ̀ tó ń fi fìlà fẹ́ ara.

"Ọ̀gá, ọkùnrin kan ní ẹnu géètì ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín ìgbà tí ẹ máa wá di ihò ojú títì àwọn."

"Ihò ojú títì kẹ̀?"

"Ó ní ṣebí ihò làwọn dìbò yàn yín fún."

Ofelia ò bínú sí i mọ́. Ìbínú rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ lò. Gbogbo ìpínlẹ̀ Arizona ló dìbò yàn án sípò Olùbẹ̀wò Ìwakùsà, kò sì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nínú wọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ ipò náà máa ń wà nínú ìwé ìdìbò, níbi tí ojú olùdìbò ti ń pòòyì, tí ebi ti ń pa á, tó kàn ń fàmì sí orúkọ tó bá ti dùn lẹ́nu. Ẹni tó bá a du ipò náà, ọkùnrin tó ń gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn olówó ni. Ihò tó jìn jù tó tíì wọ̀ láyé rẹ̀, omi wà nínú rẹ̀, àga ìgbafẹ́ sì wà létí rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù kó wọlé.

"Harlan, wo àgádágodo yẹn. Kí lo rí?"

"Àgádágodo."

"Títì àbí ṣíṣí?"

Harlan ṣí ẹnu, ó pa á dé. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀. "Ó wà ní títì."

"Ṣé ìwọ náà rí i? Sọ ohun tí bàbá rẹ sọ fún ẹ lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ gba àgádágodo tìrẹ."

"Ó ní tí n kò bá ti lò ó, kí n jẹ́ kó lanu sílẹ̀. Ó ní àgádágodo tó bá tì sórí òfo, ẹ̀mí olówó rẹ̀ ló tì mọ́nú." Harlan gbójú sókè. "Kò sí awakùsà kankan tó jẹ́ tì í, Ọ̀gá. Ọ̀mùtí tó burú jù nínú wọn, tó ń fi bàtà mu ọtí, kò jẹ́ tì í."

"Abundio, ọmọ awakùsà, ọmọ ọmọ awakùsà, ló wá tì í, ó fi kọ́ inú lọ́kà, ó sì wọ ọ̀fun ẹ̀rọ lọ láìní ààbò. O gbà bẹ́ẹ̀?"

"Ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀."

"Ẹlòmíràn tó yọ ọ́ kúrò lórí àpótí iná, tó gbé e síbẹ̀. Ẹlòmíràn tí bàbá rẹ̀ ò kìlọ̀ fún. Pe ọsibítù, bi wọ́n bí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo bá wà lọ́rùn Abundio."

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá ni Ofelia ti bá Chebo, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà níta. Ọkùnrin gìrìwò ni, ọrùn rẹ̀ ki bíi kùkùté, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó ti súnkì débi pé ọmọdé lè fi í sápò.

"Màmá, ẹ ṣé tí ẹ wá."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Inú yàrá ìdarí ni mo ti jẹun, èmi nìkan. Ẹ ti gbọ́ ti ewúrẹ́ náà?"

"Ẹyẹ ojú ọ̀run ti gbọ́ ti ewúrẹ́ náà, Chebo. Máa bọ́ síwájú."

"Mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo àpótí iná. Òfo ni. Màmá, mo fi ọwọ́ pa á bí afọ́jú, nítorí mo mọ̀ pé àgádágodo Abundio wà níbẹ̀ kí n tó lọ jẹun. Mo ní, áà, ó ti parí, ó ti yọ ọ́, ó lọ jẹun. Mo lu aago ìkìlọ̀. Mo dúró. Mo tún un lù. Mo wá tẹ bọ́tìnnì." Ohùn rẹ̀ ya. "Ó ti fi nǹkan dí etí rẹ̀ nítorí eruku àti ariwo. Kò gbọ́ aago."

"Ṣé o rí ẹnikẹ́ni lẹ́bàá àpótí iná náà?"

"Rárá. Màmá, mo jẹ ewúrẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ṣé mo wá fẹ́ jẹ òun náà ni? Hortensia ìyàwó rẹ̀ tutọ́ sí mi lójú níwájú ọsibítù. Ó ní kí Ọlọ́run gé ọwọ́ mi. Mi ò lè sọ pé kí Ọlọ́run má dá a lóhùn."

Ofelia fi ọwọ́ gbá òrùlé ọkọ̀, ó bínú kúrò níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Dub Hanrahan, oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ni Ofelia kọ́kọ́ lọ, nítorí òun nìkan ló ní irin ńlá tó ń gé àgádágodo bí ẹni gé ilá. Ofelia ti rò ó pé bóyá wọ́n gé ti Abundio ni, tí wọ́n sì fi tuntun kọ́ lọ́kà. Hanrahan ní irùngbọ̀n tí ẹyẹ lè pa ẹyin sí, ó sì ń jẹ burrito kan, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ká ẹ̀wà, tó gùn tó ẹsẹ̀ ọmọ màlúù.

"Irin mi ò gé nǹkan kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀," ló wí pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. "Ẹ wò ó, ipẹtà ti so ó pọ̀. Ẹ̀yin funra yín ẹ là á bí ẹ bá lè là á."

Ofelia gbìyànjú. Harlan gbìyànjú. Àwọn méjèèjì fà á tì, wọ́n fẹ́ẹ̀ ya apá ara wọn.

"Wo àgádágodo yìí dáadáa. Ti Abundio ni lóòótọ́?"

Hanrahan nu ọwọ́, ó gbé e sójú. "Tirẹ̀ ni. Ọ̀dà pupa tí Hortensia fi ń kun èékánná ló fi kùn ún. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ títí a ò ní yẹ̀yẹ́ mọ́. Ta ló..." Ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó tì. Ó ju àgádágodo náà sọ́wọ́ Ofelia bí ẹni ju ẹyín iná. "Màmá! Kí ló dé tẹ́ ẹ gbé irú nǹkan báyìí lé mi lọ́wọ́ nídìí oúnjẹ?"

"Má ì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹnu yìí ló máa sọ ọ́?" Ó ti ń ṣe àmì àgbélébùú lórí burrito rẹ̀.

Harlan padà láti ìdí fóònù. "Nọ́ọ̀sì ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ò tíì bọ́ ọ."

Wọn ò gé e, olówó rẹ̀ ò ṣí i. Èkejì kọ́kọ́rọ́ ló kù, gbogbo èkejì kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ náà sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ọ́fíìsì. Ẹni méjì péré ló lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn: Gatlin Stroud tó jẹ́ ọ̀gá àgbà, àti Preston Loomis, igbákejì rẹ̀ tó ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Inú Ofelia dùn. Kò yẹ kó dùn, ṣùgbọ́n ó dùn. Nítorí Gatlin Stroud yìí ló gbé pátákó ńlá ẹni tó ń gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́nu géètì lásìkò ìbò, pátákó tó tóbi débi pé agbo ẹran ń sùn sábẹ́ òjìji rẹ̀.

"Màdáámù Olùbẹ̀wò!" Stroud dìde. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ ti lọ, ihò ló mú un nígbà tó ṣì jẹ́ awakùsà. "Ẹ wá buwọ́ lùwé kí ẹ̀rọ wa máa ṣiṣẹ́ padà?"

"Mo wá wo kọ́bọ́ọ̀dù kọ́kọ́rọ́ yín."

"Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀? Abundio gbàgbé, Chebo sì ṣe wàdùwàdù. Ọ̀rọ̀ tán. Tí ẹ bá ti ibí yìí pa lónìí, Màdáámù, gbogbo ìlú yìí ló máa dìbò lù yín, ajá inú wọn náà á dìbò."

"Ajá ò mọ ipò tí mo wà, wọ́n jọ àwọn olówó wọn. Níbo lo wà lásìkò oúnjẹ ọ̀sán lánàá?"

"Mo wà pẹ̀lú àwọn àlejò láti Phoenix. Wọ́n fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ yìí. Àárọ̀ ni mo ti ń mú wọn kiri, mi ò fi wọ́n sílẹ̀ títí igbe fi ta. Ẹ bi wọ́n." Ó fi ọwọ́ oníka mẹ́rin náà nu ojú. "Wọ́n fẹ́ rí i pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni..."

Loomis wọlé pẹ̀lú ife kọfí méjì, ó gbé ọ̀kan fún Ofelia, ó tẹríba díẹ̀. Ọmọlúàbí pọ́ńbélé, aṣọ rẹ̀ mọ́ bí eyín ológbò. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún wọn láìjanpata. Kọ́kọ́rọ́ Abundio wà ní àyè rẹ̀.

"Ìlànà wa le gan-an, Ìyáàfin," ni Loomis wí. "Kò sẹ́ni tó lè yọ àgádágodo awakùsà àyàfi tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni náà níta."

"Ìlànà tó dáa ni," ni Ofelia wí. Kò mu kọfí náà.

Níta, ó dúró sínú oòrùn bí igi.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ Stroud," ló ní nígbà tó yá. "Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ kó jẹ́ òun, bí aláìsàn ṣe ń fẹ́ omi tútù. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò wà pẹ̀lú rẹ̀."

"Wọ́n lè máa gbè é lẹ́yìn."

"Wọ́n lè máa gbè é. Kó gbogbo wọn jọ sílé ìpààrọ̀ aṣọ. Tọ̀gá, tọmọṣẹ́. Kí kálukú mú àgádágodo rẹ̀ dání. Kí Royce náà wá, kó dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nínú ayé rẹ̀."

Ilé ìpààrọ̀ aṣọ náà kún. Òórùn ìbọ̀sẹ̀ ibẹ̀ le tó èyí tó lè dá ìjà ogun dúró, ọmọ ogun méjèèjì á sì jọ sá. Àwọn awakùsà dúró síwájú lọ́kà wọn, wọ́n ń ráhùn.

"Màmá, iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin la dìbò fún o!"

"Èmi ò dìbò fún yín, àmọ́ iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́!" ni Ofelia kígbe, àwọn lọ́kà sì mì. "Mo fẹ́ wo bí ẹ ṣe ń tọ́jú àgádágodo yín tí ẹ kò bá lò ó. Ìyẹn nìkan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi tirẹ̀ kọ́ lọ́kà. Dub, bẹ̀rẹ̀."

Hanrahan fi tirẹ̀ kọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e kọ́ tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń hó, wọ́n ń sọ pé irú òmùgọ̀ àyẹ̀wò wo rèé, ṣé ìjọba ló ń san owó oṣù fún èyí. Kò sí ọ̀kan tó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ń ṣe nǹkan kan.

"Ọ̀gá Stroud."

Stroud bínú, ó fa tirẹ̀ yọ lápò, àgádágodo àtijọ́ kan tí irin rẹ̀ ti di dúdú. Ó fi kọ́. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Inú Ofelia bàjẹ́ bí ẹni tí ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Loomis."

Loomis rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú tirẹ̀ jáde, ó nu eruku ara rẹ̀, ó fi kọ́ ìkọ́, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Kà!

Ariwo kú. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó bọ́ sínú ilé náà, eṣinṣin tó ń fò lọ dúró nínú afẹ́fẹ́ kó wo ohun tó dé. Ọkùnrin kan bọ́ akoto rẹ̀. Hanrahan ṣe àmì àgbélébùú lẹ́ẹ̀méjì, ó tún fi ọ̀kan kún un fún ààbò. Awakùsà tó dúró ti Loomis sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?" ni Loomis bi wọ́n. "Kí lẹ ń wò mí fún?"

"Ṣí i," ni Stroud sọ. "Preston, ṣí nǹkan yẹn."

Ofelia na àgádágodo Abundio sókè, kí gbogbo ojú rí i. "Báyìí ni mo ṣe bá a nínú lọ́kà rẹ̀. Kò sí ẹni tó dàgbà nínú ihò tó lè ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ ti fi hàn mí. Kọ́kọ́rọ́ Abundio wà lọ́rùn rẹ̀ ní Tucson, èkejì wà ní kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, ẹni méjì ló sì ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀kan nínú wọn fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní lílà. Preston, ìwọ lo yọ àgádágodo yìí kúrò lórí àpótí iná."

"Èmi kọ́... mi ò..." Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ṣẹ́ríìfù Tidwell ti dúró síbẹ̀, ó sì gbàgbé láti tu èèpo. Ojú Loomis wá rọ, ó di ojú ọmọdé. "Mo rò pé ó ti jáde! Àwọn àlejò ń bọ̀, Ọ̀gá ní ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Mo kọjá níbí, mo rí àpótí oúnjẹ rẹ̀ lórí tábìlì. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀! Mo ní ó ti jáde, ó ń fọwọ́, ó kàn gbàgbé àgádágodo rẹ̀ síbẹ̀ ni. Mo bá a yọ ọ́. Mo tiẹ̀ bá a gbé e wá sí lọ́kà rẹ̀ kó má baà sọnù!"

"Èmi ni mo gbé àpótí oúnjẹ yẹn síbẹ̀," ni Hanrahan wí. "Gbogbo wa la máa ń tò ó sára páìpù gbígbóná kó lè lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á kó ti gbogbo ayé wá sórí tábìlì. Tiẹ̀ wà níbẹ̀, a ò ṣí i. A rò pé ó ń bínú nítorí ewúrẹ́ ni, a fi í sílẹ̀."

"Ìlànà wo lo sọ fún mi láàárọ̀ yìí?" ni Ofelia bi Loomis. "Pé kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni náà. Ǹjẹ́ o rí ojú Abundio?"

"Mo rí àpótí oúnjẹ rẹ̀."

"Àpótí oúnjẹ ní ojú?"

Loomis fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan lọ́kà, Ofelia sì tẹ̀ lé e.

"Nígbà tí igbe ta ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń ti Chebo sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá? Nígbà tí ìyàwó Abundio ń tutọ́ sí i lójú? O gbé kọfí fún mi, Preston. O tẹríba fún mi."

Stroud ló kọ́kọ́ jókòó. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà rí. "Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níwájú àlejò," ló sọ sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ ọ́."

"Ṣé pé," ni Ṣẹ́ríìfù wí níkẹyìn, "ewúrẹ́ náà ò wá sí nínú ẹ̀ rárá?"

"Royce, mú ọmọkùnrin yìí, kó o sì bọ́ sílẹ̀ lórí ewúrẹ́ yẹn kí n tó sọ ọ́ di tòótọ́ pé ẹnìkan pa ènìyàn níbí."

Ofelia jáde lọ sídìí àpótí iná, ó fi àgádágodo ti ara rẹ̀ tì í pa. Ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé e bí oyin. Ìgbà wo ni yóò ṣí i? Kí ni ọmọ wọn yóò jẹ? Ó ní títí wọn yóò fi wá nǹkan ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù kọ́kọ́rọ́ yẹn, títí ọ̀fun ẹ̀rọ náà yóò fi ní iná tó ń tàn bí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní oṣù mélòó nìyẹn? Ó ní òun ò mọ̀. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn kígbe pé ẹni tó ń gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ò ní ṣe irú èyí.

"Òótọ́ ni," ni Ofelia kígbe padà, "kò ní ṣe é! Ẹ lọ dìbò fún un! Kó wá kó yín jáde nínú ọ̀fun ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọ̀n tó fi ń kó ewé lójú omi!"

Ó rìn dé ọkọ̀ Ṣẹ́ríìfù. Tidwell ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti bọ́ irin ọwọ́ Chebo, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹrù tí kò mọ ibi tó máa sọ ọ́ sí.

"Ó ní òun ò ní sọ̀kalẹ̀, Màdáámù."

"Kí ni?"

"Mo ti sọ fún un pé ó lómìnira. Ó ní òun ò ní sọ̀kalẹ̀."

Ofelia tẹ̀ sílẹ̀. "Chebo. O gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀? Àpótí iná jẹ́ òfo nítorí wọ́n sọ ọ́ dòfo. O ò jẹ̀bi. Sọ̀kalẹ̀, jọ̀ọ́, ooru ń pa mí."

"Mo gbọ́, Màmá." Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló tẹ bọ́tìnnì."

Obìnrin tó lè pa àwọn awakùsà lẹ́nu mọ́, tó fi àgádágodo kan lé ọ̀daràn mú, kò lè mú ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò sí ìbò tí wọ́n dì fún un lórí ìyẹn. Ó tún orúkọ ọkùnrin náà pè, ó wo ojú ọ̀run, ó bú oòrùn.

Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan ya wọ inú ọgbà, eruku bò ó. Hortensia Lucero bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin kúkurú ni, ojú rẹ̀ wú, irun rẹ̀ ò rí òòyà láti àná. Hanrahan ti pè é, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ṣẹ́ríìfù sún sẹ́yìn. Ofelia náà sún.

Hortensia dúró síwájú ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀.

"Bàbá ìsàmì Marisela."

Chebo ò gbójú sókè.

"Láti àná ni mo ti ń bú ọ. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ ti tán, mo ya tàwọn aládùúgbò lò, ìyẹn náà ti tán. Ohùn mi ti há. Dìde níbẹ̀."

"Hortensia, ọwọ́ yìí ni."

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ni. Òun ni mo wá mú." Ó nu imú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Nọ́ọ̀sì ní a gbọ́dọ̀ máa yí i sápá ọ̀tún, sápá òsì, kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. O mọ bó ṣe wúwo tó. Mo gbé e títí ẹ̀yìn mi fi dún. Ta ni kí n pè? Àwọn tó ń pariwo lọ́ọ̀ọ́kán yẹn?"

Chebo nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sára ṣòkòtò, ó nù wọ́n dáadáa bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ tuntun, ó sì sọ̀kalẹ̀.

"Apá wo lẹ yí i sí gbẹ̀yìn?" ló bi í.

"Òsì," ni Hortensia wí, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i.